Àtẹ̀gùn Onípele Méje Tó Lọ Bá Ògiri

Irọ́ kọ́ o. Ẹ bá mi sọ fún onígbàjámọ̀ yẹn, bó bá padà dé láti ibi tó sá lọ, pé irọ́ kọ́. Ó ní ẹ̀rọ ló jókòó tó fọwọ́ ara ẹ̀ ya fídíò yẹn. Ó ní orí ayélujára ti di ilé irọ́, pé kò sí ìlú kan láyé tí wọ́n á ti kọ́ àtẹ̀gùn tó gún régé, onípele méje, tí àtẹ̀gùn náà á wá lọ forí sọ ògiri tí ò ní ilẹ̀kùn. Mo ní mo mọ ibẹ̀. Ó ní mò ń parọ́. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó ju abẹ sílẹ̀, ó jáde, ó fi mí sílẹ̀ báyìí. Ẹ wo orí mi. Apá kan fá, apá kan ò fá.

Èmi tí mo ti sùn ní ibùdókọ̀ ìlú mẹ́tàdínlógójì. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta torí mo rí i pé ohun tí tíṣà mọ̀ ti ń tán lọ. Onígbàjámọ̀ tí ò kọjá afárá rí ló máa wá sọ ohun tó wà láyé fún mi.

Mo gun àtẹ̀gùn yẹn. Ẹsẹ̀ tí mo fi gùn ún nìyí. Akọ̀wé tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú ẹ̀ sì jókòó tì mí lórí ìpele kẹta, ó sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ sún mọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ lọ kó tètè máa lọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde láàárín ọ̀rọ̀.

Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, èyí tó ń mójú tó títì, gọ́tà àti àwọn ilé ìjọba. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀n kan ló wà lórí ẹ̀, ikùn ẹ̀ máa ń wọ yàrá kí òun fúnra ẹ̀ tó wọlé. Oyè tó fi dá ara ẹ̀ lọ́lá gùn débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ ní láti jẹun yó kó tó bẹ̀rẹ̀: Alákòóso Àgbà, Olùdarí Gbogboogbò, Bàbá Títì, Ọ̀rẹ́ Gọ́tà, Ẹni Tí Ń Gbé Ìlú Ga. Lẹ́yìn oyè kọ̀ọ̀kan, gbogbo òṣìṣẹ́ á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ ṣáájú, agbéraga ni. Ẹni tó bá pàtẹ́wọ́ gbẹ̀yìn, ọlọ̀tẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ẹ̀ ṣá, Awòjìnnà ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé ojú ẹ̀ ò rí ohun tó wà nítòsí mọ́. Dókítà ti fún un ní awò ojú. Awò náà wà nínú páálí, páálí wà nínú àpò àyà ẹ̀, kò jáde rí. Ó ní awò ojú, ti àwọn tó ń tẹ̀wé ni. "Ojú aṣáájú," á wí, á na ìka sí fèrèsé, "ọ̀nà jíjìn ló ń wò. Èyí tó wà nítòsí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa bá mi wò ó."

Akọ̀wé ló ń bá a wò ó. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì yẹn. Ìwé yòówù kó wọlé, òun ló ń kà á sí ọ̀gá létí, ọ̀gá á dijú, á mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé òfin kan. Awòjìnnà fòfin de "rárá". Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Bí ọ̀gá bá sọ ohun tí ò bá ẹ lára mu, ohun tí wàá sọ ni: "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá, pẹ̀lú àfikún." Àfikún náà kì í jáde lẹ́nu o. Wàá kọ ọ́ sínú ìwé, wàá fi sínú fáìlì aláwọ̀ ewé kan, ọ̀gá nìkan ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ka fáìlì yẹn, kódà Akọ̀wé ò gbọdọ̀ kà á. Ọ̀gá tí kì í lo awò. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́n ju onígbàjámọ̀ lọ.

Iwájú ọ́fíìsì yẹn gan-an ni ilé ìwòsàn kékeré kan wà. Nígbà tí Awòjìnnà gbẹ́ títì kó lè la gọ́tà, ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn dúró sókè, ó ga tó àyà èèyàn. Aláìsàn tó bá fẹ́ wọlé á gun bẹ́ǹṣì, á ti orí bẹ́ǹṣì gun garawa ọ̀dà, ẹnìkan á fà á lókè, ẹnìkan á tì í nísàlẹ̀. Ẹni tí ò ṣàìsàn tó bá wọlé báyẹn, ó dájú pé yóò ṣàìsàn kó tó jáde.

Ìyá Akọ̀wé wà lára àwọn tí wọ́n ń tì. Orúnkún ẹ̀ méjèèjì ti wú bí iṣu, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó máa lọ gba abẹ́rẹ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó délé, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yọ gèlè.

"Ọmọ mi," ó ní, "mi ò lọ síbẹ̀ mọ́."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín, Màmi?"

"Wọ́n gbé mi bí àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni tó ń fà mí lókè, kò burú. Ẹni tó ń tì mí láti ìsàlẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí, ṣùgbọ́n ní báyìí, ó ti mọ̀ mí ju bàbá rẹ lọ."

"Màmi, abẹ́rẹ́ yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè rìn."

"Jẹ́ kí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí àtẹ̀gùn bá dé ilẹ̀kùn yẹn, ni mo máa lọ. Títí dìgbà yẹn, èmi àti orúnkún mi á máa wo ara wa."

Akọ̀wé mọ ìyá ẹ̀. Bó bá sọ báyẹn, ó ti tán. Ló bá lọ tẹ ìwé kan, ó tọrọ àtẹ̀gùn fún ilé ìwòsàn, ó kà á sí ọ̀gá létí. Ọ̀gá la ojú. Àtẹ̀gùn túmọ̀ sí ìṣílé, ìṣílé túmọ̀ sí ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti sọ̀rọ̀ níta gbangba gbẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n pe Bíríkìlà.

Bíríkìlà mú àwòrán wá, lórí bébà ńlá, ó yà á dáadáa, ó fi tádàwá pupa sàmì sí ilẹ̀kùn. Awòjìnnà gbà á, ó nà án sókè. Ìsàlẹ̀ bébà ló fi ṣe òkè. Bó ṣe dì í mú yẹn, ohun tó wà lápá ọ̀tún bọ́ sápá òsì. Ó wò ó títí bí ẹni tó ń wo ilé ẹ̀ lókèèrè, ó fi ọ̀pá kan ibì kan.

"Ibí ni kó wà."

Bíríkìlà wo ọ̀pá. Ògiri yàrá tí wọ́n ń kó káàdì aláìsàn sí ni ọ̀gá kàn. "Ọ̀gá," ó ní, "ibẹ̀ yẹn…"

Igbákejì ọ̀gá wúkọ́. Ọkùnrin yìí, bí ọ̀gá bá sín, òun ló máa ń nu imú. "Bíríkìlà," ó ní, "ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ Ẹni Tí Ń Gbé Ìlú Ga ní gíga?"

Bíríkìlà gba bébà ẹ̀ padà. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Pẹ̀lú àfikún."

Ó kọ àfikún, ó fi í sínú fáìlì. Akọ̀wé náà kọ tiẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà nílé ìwòsàn sọdá títì wá kọ tiẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fáìlì aláwọ̀ ewé wú bí búrẹ́dì, àtẹ̀gùn sì ń ga sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo ìlú ń kọjá, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń sọ pé ìjọba ló mọ ohun tó ń ṣe. Ṣẹ́ ẹ rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ló ti ba ìlú tí mo mọ̀ jẹ́ ju iná lọ.

Ọjọ́ ìṣílé pé. Wọ́n ta ríbọ́nù, wọ́n to àga. Awòjìnnà gba máíkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "ẹ̀yin tí mo ti gbé ga, àti ẹ̀yin tí mi ò tíì gbé ga ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ wà lórí ìlà. Nígbà tí wọ́n bí mi, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ibí yìí. Mo wo ilẹ̀ náà. Mo ní, ilẹ̀, kí ló dé tó o fi pẹrẹsẹ báyìí? Ilẹ̀ ò dáhùn. Ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mo fi dúró. Lónìí, ẹ̀yin ará, mo ti bá ilẹ̀ dáhùn."

"Ilẹ̀ gbọ́," Igbákejì wí.

Ó gé ríbọ́nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìpele kìn-ín-ní, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìkejì, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ní ìkẹrin, ó dúró, ó juwọ́ sí èrò. Ní ìkeje, ikùn ẹ̀ kan ògiri.

Awòjìnnà na ọwọ́, ó ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn. Ó fọwọ́ pa ògiri lọ sọ́tùn-ún, ó pa á lọ sósì. Ó kan ògiri, kò, kò, kò, ó dúró bí àlejò. Akọ̀wé tó wà nísàlẹ̀ rí òógùn tó ń ṣàn lọ́rùn ẹ̀, ó sì ń gbàdúrà nínú ọkàn ẹ̀ pé, jẹ́ kó sọ ọ́. Jẹ́ kó kàn sọ pé a ṣìṣe, a ó gbé e síbi tó yẹ lọ́la.

Awòjìnnà gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni tó ń gbá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn. Ó yí padà, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Mo ti dé òkè," ó ní.

Igbákejì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ni gbogbo wọn bá tẹ̀ lé e.

Nọ́ọ̀sì wà lójú fèrèsé ilé ìwòsàn, fóònù ẹ̀ wà lọ́wọ́. Gbogbo ẹ̀ ló yà. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn tí ò lè pe orúkọ ìlú yẹn ti ń wo ikùn Awòjìnnà bó ṣe ń kan ògiri. Wọ́n wò ó lórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń wọ kóòtù mẹ́ta lórí ara wọn. Wọ́n wò ó lórí ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, àwọn tó ti wò ó ti pọ̀ ju àwọn tó ń gbé ìlú náà lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Igbákejì ló mú ìròyìn wá. Ó wọlé kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀gá, ẹ ti wà lórí ayélujára."

Awòjìnnà jókòó dáadáa. "Ta ló gbé mi síbẹ̀?"

"Nọ́ọ̀sì iwájú yìí ni."

"Akọ̀wé, sún mọ́ mi. Ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìyìn ni, nọ́ọ̀sì á di ọ̀rẹ́ mi. Bó bá jẹ́ pé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe, kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán, nọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì ka yẹ̀yẹ́ náà sí mi létí, ó lè bá a gbé àpò ẹ̀."

Akọ̀wé gba fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ pé, "Ẹni tó kọ́ nǹkan yìí kórìíra ẹsẹ̀." Akọ̀wé rántí yàrá méjì tó ń gbé, ó rántí ìyá ẹ̀ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó la ẹnu.

"Wọ́n ní ẹni tó kọ́ nǹkan yìí fẹ́ràn ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, ọ̀gá."

"Òótọ́ ni. Èkejì ńkọ́?"

Èkejì kọ ọ́ pé, "Mo fi han ìyàwó mi, ẹ̀rín ò jẹ́ ká lè bá ìjà wa lọ."

"Wọ́n ní ẹ ti mú àlàáfíà wọ ilé àwọn, ọ̀gá."

Awòjìnnà tẹ ojú mọ́ fóònù. Ohun kan ṣoṣo tó rí ni àwọn nǹkan róbótó, yẹ́lò, tó tò lọ bí èso lórí igi. "Kí ni ìwọ̀nyí?"

Ojú kéékèèké tó ń rẹ́rìn-ín ni, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé omi ń dà lójú wọn. "Àwọn tó ń sunkún ni, ọ̀gá," Akọ̀wé wí. "Ayọ̀ ló pa wọ́n lẹ́kún."

Awòjìnnà wo fèrèsé. Omi lé sí ojú òun náà.

Bí irọ́ ṣe gba iṣẹ́ Akọ̀wé àti ti nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé mú ìwé mìíràn wá, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ ṣí àtẹ̀gùn náà kúrò, kí wọ́n gbé e lọ bá ilẹ̀kùn. Kò tíì kà á dé ìdajì tí Awòjìnnà fi la ojú.

"Akọ̀wé, ìwọ náà kọ́ lo kà á fún mi pé gbogbo ayé ń sunkún ayọ̀ lórí àtẹ̀gùn yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"O wá fẹ́ kí n ṣí ohun tó ń mú àlàáfíà wọ ilé àwọn ọlọ́kọ àti aláya. Gbé ìwé yẹn kúrò níwájú mi."

Nígbà tí Akọ̀wé sọ ọ́ nílé, ìyá ẹ̀ ń fọwọ́ ra orúnkún.

"Kó yé mi," ó ní. "Bíríkìlà ló kọ́ àtẹ̀gùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmi."

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo fi ẹnu rẹ rẹ́ ẹ mọ́ ògiri."

Akọ̀wé jókòó tì í, ó bá a ra orúnkún kejì.

"Mi ò bá ẹ jà," ìyá ẹ̀ wí. "Bá mi gbé omi gbígbóná wá, kí n fi jó orúnkún mi. Ó jọ pé òun náà fẹ́ wà lórí ayélujára, torí ojoojúmọ́ ló ń tóbi sí i."

Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ìyìn ń ṣe fún òmùgọ̀. Awòjìnnà ní kí wọ́n kun ògiri náà ní àwọ̀ wúrà. Ó ní kí wọ́n gbé òkúta kan síbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ oyè ẹ̀ sí, òkúta náà ga ju àtẹ̀gùn lọ. Ó pàṣẹ pé láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò, ẹnìkọ̀ọ̀kan á gun ìpele méje, á gbá ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Mo ti dé òkè," á sọ̀kalẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́. Igbákejì máa ń gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ọ̀nà jíjìn láti ya fọ́tò níwájú ògiri. Ìgbà yẹn ni èmi náà dé ìlú yẹn, mo sì pẹ́ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbá ògiri yẹn bí èmi ṣe gbá a, kódà Igbákejì béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí mo ti kọ́ ọ. Awòjìnnà á dúró lójú fèrèsé ọ́fíìsì ẹ̀, á máa wo àwọn èrò. Ọ̀nà jíjìn, ó ń rí i dáadáa. Ó rí i pé wọ́n ń di ikùn mú, wọ́n ń wólẹ̀. Ó ní ìbọ̀wọ̀ ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, lójú ẹ̀ báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn gan-an, àwọn aláìsàn ṣì ń gun bẹ́ǹṣì, wọ́n ń gun garawa ọ̀dà.

Ìwé wá dé láti òkè. Mínísítà ń bọ̀. Akọ̀wé ka ìwé náà bó ṣe wà, Awòjìnnà sì dìde, ó ń rìn káàkiri yàrá. Ó ti mọ̀ ọ́n. Oyè tuntun ló ń bọ̀.

"Akọ̀wé, wàá ka ọ̀rọ̀ ìyìn aráyé fún Mínísítà níwájú gbogbo èrò." Ó dúró. "Rárá." Ẹ ò rí i, òun nìkan ló lè sọ ọ́. "Bí ìwọ bá kà á, wọ́n á ní èmi ni mo kọ́ ẹ. Ohùn obìnrin kan wà nínú fóònù, èyí tó ń kàwé fún àwọn tí ojú wọn ń yọ lẹ́nu. Òun ni kó kà á, nínú sípíkà, kí gbogbo títì gbọ́. Ẹ̀rọ kì í pọ́n ènìyàn."

Akọ̀wé gbé fóònù, ó jáde. Igbákejì ló fara balẹ̀ bá a ní kọ̀rọ̀. Òun mọ̀, ẹ ò rí i. Òun ní fóònù, òun sì ní ojú.

"Àǹtí," ó ní, "ó rọrùn. Jókòó, tẹ ogún ọ̀rọ̀ ìyìn fúnra rẹ, kó o ní kí ẹ̀rọ ka ìyẹn. Ayé á máa yí lọ."

Akọ̀wé jókòó. Ó tẹ ìkíní. Ó tẹ ìkejì. Nígbà tó dé ìkẹta, ó gbọ́ ariwo níta. Ó wo fèrèsé. Bàbá arúgbó kan wà lórí garawa ọ̀dà, wọ́n ń fà á lókè, wọ́n ń tì í nísàlẹ̀, arìnrìn-àjò kan sì ní kí wọ́n dúró díẹ̀ kí òun lè ya fọ́tò ògiri láìsí ìdí bàbá náà nínú ẹ̀.

Akọ̀wé pa gbogbo ohun tó tẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́ náà dé. Mínísítà jẹ́ ìyá àgbà kan, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀, agbòjò lápá. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó jókòó, wọ́n ka gbogbo oyè Awòjìnnà, wọ́n pàtẹ́wọ́, Mínísítà ń wo ògiri aláwọ̀ wúrà bí ẹni tó ń wo oúnjẹ tí kò béèrè fún.

"Màmá wa," Awòjìnnà wí, "mi ò ní yin ara mi. Ayé ni kó sọ ọ́. Akọ̀wé, tẹ̀ ẹ́."

Akọ̀wé wo ọ̀gá, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo garawa. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn obìnrin tútù kan jáde láti inú sípíkà, ohùn tí ò bínú, tí ò rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó ń ka àkókò ọkọ̀ ojú irin.

"Ẹni tó kọ́ nǹkan yìí kórìíra ẹsẹ̀," ohùn náà wí. "Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú ẹ̀. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú ẹ̀. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú ẹ̀."

Awòjìnnà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò tíì yé e.

"Ta ni bàbá onífìlà yìí," ohùn wí, "tó kan ògiri tó wá ń retí kí ògiri ní kó wọlé? Mo fi han ìyàwó mi, ẹ̀rín ò jẹ́ ká lè bá ìjà wa lọ. Mo ti rí àgùntàn tó gbọ́n ju báyìí lọ, mo sì ní ẹ̀rí. Ojú tó ń rẹ́rìn-ín tí omi ń dà lójú ẹ̀. Ikùn ló kọ́kọ́ dé òkè, ẹ bá wa kí ikùn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnìkan lẹ́yìn. Ó gbé e mì, ó tún jáde ní imú. Ni gbogbo títì bá bú sẹ́rìn-ín. Awòjìnnà ń juwọ́ pé kí wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń jù yẹn, àwọn tó wà lókèèrè rò pé ó ń kí wọn ni, wọ́n bá ń kí i padà.

"Ẹ pa á," Awòjìnnà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," Akọ̀wé wí, "pẹ̀lú àfikún." Kò pa á.

Mínísítà nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ariwo rọlẹ̀. "Ọmọ ọmọ mi ló fi hàn mí," ó ní. "Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀rọ ló yà á. Torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wá fojú ara mi rí i." Ẹ gbọ́ ọ? Onígbàjámọ̀ náà ìbá ti wá. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Èmi ni, Mà," Bíríkìlà wí. "Pẹ̀lú àfikún."

"Àfikún wo?"

Wọ́n gbé fáìlì aláwọ̀ ewé jáde, ọwọ́ méjì ni wọ́n fi gbé e. Mínísítà ní kí Akọ̀wé kà á bó ṣe wà. Àkọ́kọ́ ní, "Kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, ògiri ni. Bíríkìlà." Èkejì ní, "Bíríkìlà sọ òótọ́. Nọ́ọ̀sì." Ẹ̀kẹta, ohùn Akọ̀wé rọlẹ̀ nígbà tó dé orí ẹ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, orúnkún ìyá mi." Ó kà á lọ títí ó fi ku ẹyọ kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa ẹ̀: "Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ọ̀gá sọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá wá bi wá, mo sọ pé ògiri ni. Igbákejì."

Igbákejì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ẹ̀.

"Àwòrán dà?" Mínísítà béèrè. Bíríkìlà mú bébà ńlá jáde. "Ẹ gbà, Alákòóso. Ẹ fi ibi tí ẹ ní kí wọ́n kọ́ ọ sí hàn mí."

Awòjìnnà gbà á, ó nà án sókè níwájú gbogbo èèyàn. Ìsàlẹ̀ ló tún fi ṣe òkè. Mínísítà yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí i kà. Èrò ìlà iwájú yí orí. Ìlà ẹ̀yìn yí orí. Ìgbà tó yá, gbogbo títì ti tẹ orí sí èjìká bí adìẹ tó ń wo àṣá, Awòjìnnà nìkan ni ọrùn ẹ̀ dúró ṣánṣán.

"Mo ti rí i," Mínísítà wí.

Ó dájọ́ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, lórí àga. Ó bi Bíríkìlà bóyá ó lè la ilẹ̀kùn sára ògiri yẹn. Bíríkìlà ní ọjọ́ méjì péré. "Là á. Ìwọ, Akọ̀wé, ìwọ lo ka nǹkan sí ọ̀gá rẹ létí tó fi rò pé ìyìn ni, ìwọ náà jẹ̀bi, irọ́ rẹ ti mọ ògiri kan fúnra ẹ̀. Ìjìyà rẹ ni pé wàá máa ka ìwé sí alákòóso tuntun létí bó ṣe wà gan-an, yálà inú ẹ̀ dùn àbí kò dùn." Ó yí sí Awòjìnnà. "Kí ló wà lẹ́yìn ògiri yìí?"

"Ìdàgbàsókè, Màmá," Awòjìnnà wí, ohùn ẹ̀ ò tó nǹkan mọ́.

"Yàrá káàdì ni," nọ́ọ̀sì wí.

"Ibẹ̀ lẹ máa wà. Kẹ́ ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá gun àtẹ̀gùn yín dé òkè, kẹ́ ẹ máa bá a wá káàdì."

Bó ṣe rí nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Akọ̀wé di ìyá ẹ̀ lápá mú. Ìyá wo àtẹ̀gùn títí, ó wo ilẹ̀kùn tuntun lórí ẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó máa tì mí láti ìsàlẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan, Màmi."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó wo ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan síbẹ̀síbẹ̀, kó lè dá a lójú. Ó gbé ẹsẹ̀. Ó sinmi ní ìpele kẹta, ó sinmi ní ìkarùn-ún. Nígbà tó dé ìkeje, ó gbá àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Èmi gan-an ni mo dé òkè." Ó kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i.

Awòjìnnà ni. Kò sí òkúta, kò sí oyè, tábìlì kékeré kan ni, páálí káàdì yí i ká. Ìyá sọ orúkọ ẹ̀. Awòjìnnà tú páálí, ó fa káàdì kan yọ, ó nà án sókèèrè, ojú ẹ̀ le.

"Orúkọ yín ò sí níbí, Mà," ó ní.

Ìyá wò ó. Káàdì náà, ẹsẹ̀ ẹ̀ lókè, orí ẹ̀ nísàlẹ̀, orúkọ ìyá wà níbẹ̀ gàdàgbà bí ẹni tó sorí kodò lórí igi.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá," ìyá wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Pẹ̀lú àfikún." Ó na ọwọ́, ó yí káàdì náà padà fún un.

Awòjìnnà fi ọwọ́ wá àpò àyà ẹ̀, ó yọ páálí, ó ṣí i, ó fi awò sójú. Ó kọ́kọ́ wo káàdì. Ó wá gbé orí, ó wo ìyá àgbà tó wà níwájú ẹ̀, ó wo orúnkún ẹ̀, ó wo àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹ̀.

"Ẹ jókòó, Mà," ó ní. "Ẹ ti gun òkè jìnnà."

Ó tán. Ẹ lọ sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, pẹ̀lú àfikún pé kó wá fá apá tó kù. Ìwọ tó ò ń mi orí láti àárọ̀ yẹn, má rò pé mi ò rí ẹ, ojú tèmi ń rí jìnnà, ó sì ń rí nítòsí. Bá mi ra tíì gbígbóná kan, kó ní mílíìkì dáadáa, àti búrẹ́dì tó gùn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n gé sí méjì o. Odindi. Orí mi nìkan ti tó ohun tí wọ́n ṣe dé ìdajì lónìí.